Subwoofer méjì sí mẹ́rin nínú yàrá sinimá ilé: bí ẹ ṣe máa tò wọ́n kí béèsì lè kárí gbogbo àga

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní oríṣiríṣi ọ̀nà lórí subwoofer, ìyẹn sípíkà tó ń gbé béèsì: "Mo ra subwoofer kejì, mo sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, àmọ́ béèsì ò yàtọ̀. Ó tiẹ̀ ń ṣe mí bíi pé ó dín kù. Kí ló fà á?"

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ẹni náà ra ọjà tí kò dáa. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti jẹ́ kí AVR (ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún gbogbo sípíkà) wọn yàrá, ó ti fi EQ (ètò tó ń gbé ìró kan sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀) tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kó tó wá rántí pé àwọn subwoofer náà ò tíì sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń tẹ̀ léra nìyí: ẹ wá àyè fún wọn, ẹ mú agbára wọn dọ́gba, ẹ mú àsìkò wọn bára mu, EQ ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá yí i po á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

## Kí ni subwoofer kejì wá ṣe?

Bó bá jẹ́ ariwo nìkan lẹ fẹ́ fi kún un, ẹ dúró ná. Òótọ́ ni pé ariwo á pọ̀ sí i. Subwoofer méjì tó jọra, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, máa ń fi nǹkan bíi 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo) ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ èrè tó jùyẹn lọ wà níbẹ̀, òun ni pé kí béèsì má ṣe ojúsàájú láàárín àwọn tó jókòó.

Yàrá gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìgbì béèsì gùn púpọ̀. Ní 40 Hz (ìyẹn ìgbì ogójì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìgbì kan gùn tó mítà 8.6, ní 20 Hz, ó ju mítà 17 lọ. Bó bá ti lọ gbá ògiri, á padà, á sì pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Níbi tí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bá ti gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, béèsì á wú. Níbi tí wọ́n bá ti pa ara wọn, kòtò ló máa wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó síbi tó wú á máa dìdí mú àga, ẹni tó wà nínú kòtò á máa béèrè bóyá ẹ ti tan subwoofer.

Ẹ lè ṣírò ti yàrá yín. Ẹ sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi pín 343, tó jẹ́ iye mítà tí ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yàrá tèmi gùn ní mítà 5.2, ó fẹ̀ ní mítà 3.8. Gígùn rẹ̀ fún mi ní 33 Hz, fífẹ̀ rẹ̀ sì fún mi ní 45 Hz. Ibi méjèèjì yìí, àti ìlọ́po wọn, ni yàrá mi ti máa ń hùwà òǹrorò.

Nígbà tí mo ní subwoofer kan ṣoṣo ní igun yàrá, àárín sófà ni mo máa ń jókòó sí, nítorí èmi ni mo ni ín. Àárín gbùngbùn fífẹ̀ yàrá sì ni kòtò 45 Hz wà. Àbúrò mi tó máa ń fara ti ògiri ló ń bẹ̀ mí pé kí n dín béèsì kù, èmi ní tèmi ń fi rìmóòtù gbé e sókè. Kò sí EQ tó lè parí ìjà yẹn, torí pé ohun tí mo bá fi kún tèmi, mo fi kún tiẹ̀ náà nìyẹn. Subwoofer kejì, tó wà níbòmíràn, ló parí rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó di mẹ́jọ kó tó dáa o. Todd Welti tó ṣiṣẹ́ ìwádìí yìí ní Harman, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn, gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002 lórí yàrá onígun mẹ́rin: mẹ́rin ti tó, méjì tí wọ́n gbé síbi tó yẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin. Bí ìlà àga yín bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì.

## Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- AVR tó ní ihò subwoofer kan ó kéré tán
- wáyà RCA tó gùn dé ibi tó jìnnà jù lọ tí ẹ lè gbé subwoofer sí
- máíkì ìwọ̀n bíi UMIK-1, pẹ̀lú fáìlì ìṣàtúnṣe tirẹ̀
- láptọ́ọ̀pù tí REW, ètò tó ń wọn ohùn yàrá, wà lórí rẹ̀ (ọ̀fẹ́ ni)
- téèpù ìwọ̀n, àti téèpù tí ẹ lè lẹ̀ mọ́lẹ̀
- miniDSP 2x4 HD (àpótí kékeré tó ń ṣètò ohùn) tàbí irú rẹ̀, bí AVR yín ò bá lè ṣètò subwoofer kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀
- ẹni kan tó máa bá yín gbé ẹrù

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe àwàdà. Subwoofer tó wúwo ti ba ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ní ti máíkì, ẹ má fi ti fóònù ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ béèsì ìsàlẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì ní kòtò wà níbi tí kò sí kòtò.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá àyè fún wọn

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Wákàtí kan tí ẹ bá fi gbé subwoofer káàkiri yàrá lérè ju ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá fi tẹ bọ́tìnnì lọ.

1. Ẹ ya yàrá náà sórí ìwé, kí ẹ fi ẹnu ọ̀nà, fèrèsé àti àga hàn.
2. Ẹ kọ́kọ́ dán àárín ògiri iwájú àti àárín ògiri ẹ̀yìn wò.
3. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ọ̀kan sí àárín ògiri ọ̀tún, èkejì sí àárín ògiri òsì.
4. Bí ẹnu ọ̀nà bá dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀ náà, ẹ dán igun méjì tó kọjú síra wò, iwájú lọ́tùn-ún àti ẹ̀yìn lósì.
5. Bí ẹ bá ní mẹ́rin, àárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni.

Kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú iwájú àti ẹ̀yìn? Ẹ wo yàrá tèmi yẹn. Subwoofer tó bá wà ní àárín fífẹ̀ yàrá jókòó sínú kòtò 45 Hz gan-an, nítorí náà kò lágbára láti jí i. Ní ti 33 Hz, subwoofer iwájú ń tì í síwájú, ti ẹ̀yìn ń tì í padà, ìwọ̀n kan náà, lákòókò kan náà, ó sì kú sáàárín wọn. Ìṣòro méjì ti lọ, ẹ ò tíì fọwọ́ kan EQ. Ẹ ṣáà rí i pé àwọn méjèèjì ń tì pa pọ̀, kí ẹ má yí ọ̀kan sódì.

Igun yàrá yàtọ̀. Ibẹ̀ ni subwoofer ti máa ń pariwo jù, torí pé gbogbo ìgbì yàrá ló ń jí. Bí subwoofer yín bá kéré, ẹ lè nílò ìrànlọ́wọ́ yẹn. Ẹ kàn mọ̀ pé iṣẹ́ EQ máa pọ̀ sí i.

Bí yàrá yín ò bá rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì, tàbí tí apá kan rẹ̀ ṣí sí yàrá míràn, òfin àárín ògiri ò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lo ọgbọ́n àtijọ́: ẹ gbé subwoofer kan sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ lu orin tí béèsì rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kí ẹ wá máa rá lẹ́bàá ògiri, kí etí yín wà nísàlẹ̀. Ibi tí ẹ ti gbọ́ gbogbo ohùn béèsì dọ́gba ni kí ẹ lẹ téèpù mọ́. Mo ní ibi tó dọ́gba o, mi ò ní ibi tó pariwo jù. Ẹ sàmì sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ gbé subwoofer lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi máíkì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbogbo àga.

Ìkìlọ̀ méjì kí ẹ tó kúrò níbí. Subwoofer méjì tí ẹ tò jọ sí igun kan ti di subwoofer ńlá kan. Ariwo á pọ̀, kòtò á sì wà níbi tó wà. Bákan náà, subwoofer tó bá sún mọ́ etí ẹnì kan jù kò gbọ́dọ̀ máa gba ohùn tó ga ju nǹkan bíi 80 Hz lọ. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀gangan ibi tí ohùn ti ń wá.

## Ìgbésẹ̀ 2: Wáyà

Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ yọ wọ́n nínú iná, kí ẹ tó so ohunkóhun.

Bí AVR bá ní ihò subwoofer méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò kan, wáyà RCA onírí Y á pín in sí méjì, kò sì ní ba ohùn jẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ihò méjì tàn yín. Nínú ọ̀pọ̀ AVR, ohun kan náà ló ń jáde láti inú ihò méjèèjì. Ẹ wọ mẹ́nù. Bí ẹ bá rí distance (bó ṣe jìnnà sí yín tó) fún subwoofer 1, tí ẹ tún rí òmíràn fún subwoofer 2, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn. Bí ẹ ò bá rí i, miniDSP ló máa ṣe iṣẹ́ ìpínyà.

Bí subwoofer bá ń kùn yùn-ùn nígbà tí nǹkan kan ò dún, ẹ yọ wáyà RCA lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọ̀nà wáyà ilẹ̀ ló ti lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ fa iná subwoofer àti ti AVR láti ojú iná kan náà. Bí kò bá tíì lọ, ẹ fi ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ kékeré sáàárín wáyà RCA. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ wáyà ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì láéláé. Kíkùn náà á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ iná náà ti lọ nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Bọ́tìnnì ẹ̀yìn subwoofer àti mẹ́nù AVR

Lẹ́yìn subwoofer kọ̀ọ̀kan:

- Low-pass (ohun tó ń gé ohùn òkè kúrò): ẹ gbé e sí LFE (ọ̀nà béèsì tí fíìmù ní lọ́tọ̀) tàbí bypass. Bí kò bá ní i, ẹ yí i dé nọ́ńbà tó ga jù.
- Phase (ìgbà tí ìgbì ń tì àti ìgbà tó ń fà): 0 fún gbogbo wọn.
- Gain (bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè tàbí sódò): àárín, kí gbogbo wọn rí bákan náà.
- Iná: On. Bó bá wà lórí Auto, ó lè sùn lọ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.
- EQ tàbí àṣàyàn "Movie" inú subwoofer: ẹ pa á.

Àwọn èèyàn máa ń bá mi jiyàn lórí low-pass yẹn. AVR ti gé ohùn òkè kúrò kó tó fi ránṣẹ́. Bí subwoofer bá tún gé e, ìgé méjì ti gun orí ara wọn, phase á sì dàrú níbi tí subwoofer àti sípíkà ti ń pàdé.

Nínú AVR, ẹ fi gbogbo sípíkà sí Small, bó ti wù kí ti iwájú ga tó. Small ò túmọ̀ sí pé sípíkà yín kéré. Ó túmọ̀ sí pé ẹ gba ẹrù béèsì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú crossover (ibi tí sípíkà ti ń fi béèsì lé subwoofer lọ́wọ́) 80 Hz. Ẹ fi LPF (low-pass) fún LFE sí 120 Hz, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà LFE inú fíìmù máa ń dé. Ẹ pa LFE+Main, tí àwọn kan ń pè ní double bass. Bó bá wà ní títàn, sípíkà ńlá iwájú á tún di subwoofer mìíràn tí ẹ ò ṣètò, gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní ìgbésẹ̀ 5 á sì bàjẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú agbára wọn dọ́gba

1. Ẹ gbé máíkì sí iwájú subwoofer 1, kó jìnnà sí i ní nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà.
2. Ẹ lu ìró àyẹ̀wò, kí ẹ kọ iye dB sílẹ̀.
3. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì láti ibi tó jìnnà bákan náà gẹ́lẹ́.
4. Ẹ yí gain títí ìyàtọ̀ wọn ò fi ní ju 1 dB lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é láti orí àga dípò kí wọ́n ṣe é nítòsí subwoofer. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tó wà nítòsí àga á pariwo jù, wọ́n á dín in kù, èyí tó jìnnà ló máa wá ru ẹrù gbogbo. Bí fíìmù bá dé ibi tó le, ọ̀kan á máa gbọ̀n, ìkejì rẹ̀ á máa sinmi.

Bí wọn ò bá jọra, èyí tó lágbára díẹ̀ jù ló máa pinnu ibi tí gbogbo wọn lè dé. Subwoofer oníhò (tí àpótí rẹ̀ ní ihò afẹ́fẹ́) àti èyí tí a dí pa náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Nísàlẹ̀ iye Hz tí wọ́n ṣe ihò náà fún, oníhò ń já wálẹ̀ ní 24 dB fún octave kan (ìgbà kọ̀ọ̀kan tí Hz bá dín sí ìdajì), èyí tí a dí pa ń já ní 12 dB, phase wọn ò sì ní lọ pọ̀. Ó ṣeé ṣe láti dà wọ́n pọ̀, àmọ́ kò ṣeé ṣe láìsí máíkì. Tó bá jẹ́ tèmi, subwoofer kékeré àtijọ́ tí ò lè dé 30 Hz, mi ò ní fi kún ti tuntun. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti fi í sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mú àsìkò wọn bára mu

Ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n ń fò jù, òun ló sì ń dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìró ń rin sẹ̀ǹtímítà 34.3 nínú ms kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ẹ jẹ́ ká ní subwoofer iwájú jìnnà sí yín ní mítà 4.2, ti ẹ̀yìn jìnnà ní mítà 2.5. Mítà 1.7 ni ìyàtọ̀ wọn, ó tó 5 ms. Ní 80 Hz, ìgbì kan ń gba 12.5 ms kó tó yípo tán. Èyí já sí pé ti ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ìdajì ọ̀nà kí ti iwájú tó dé: ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Ẹ fún ti ẹ̀yìn ní delay (ìdádúró) 5 ms, wọ́n á jọ dé.

1. Ẹ gbé máíkì sí ibi tí orí yín máa ń wà, kó ga tó etí, kó kọjú sí àjà. Ẹ lo fáìlì 90° bí máíkì bá wá pẹ̀lú rẹ̀.
2. Nínú REW, ẹ tan acoustic timing reference, kí ẹ fi sípíkà iwájú kan ṣe atọ́ka. Láìsí i, máíkì USB ò ní lè fi àsìkò ìwọ̀n kan wé òmíràn.
3. Ẹ fi ohùn kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ lu sweep (ìró tó ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè) láti 15 dé 200 Hz fún subwoofer 1 nìkan.
4. Ẹ ṣe ti subwoofer 2 nìkan.
5. Ẹ ṣe ti àwọn méjèèjì pọ̀.
6. Ẹ gbé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ìlà àjọṣe yẹ kó wà lókè èyí tó ga jù nínú àwọn méjì yòókù ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín 20 àti 100 Hz. Ibi tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ìjà ni wọ́n ń bá ara wọn jà níbẹ̀. Ẹ fi 0.5 ms kún delay èyí tó sún mọ́ yín, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí kòtò náà á fi dí. Bí ẹ bá ti rìn yí ká tí kò dí, ẹ yí phase ọ̀kan ṣoṣo sí 180, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé máíkì lọ sórí àwọn àga tó kù. Èsì tó dára níwọ̀nba fún gbogbo àga sàn ju èyí tó dára gan-an fún ẹnì kan lọ.

Èmi náà ti jẹ nínú iyán yìí rí. Mo gbá yàrá lọ́jọ́ kan, mo sún subwoofer ẹ̀yìn, mo sì dá a padà sórí àmì téèpù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, béèsì ò dùn mọ́. Mo dá fíìmù lẹ́bi, mo dá AVR lẹ́bi. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó nílò ojú iná fún áyọ́ọ̀nù, ni mo bá fa púlọ́ọ̀gì subwoofer ẹ̀yìn yọ nígbà tí fíìmù ń lọ lọ́wọ́. Béèsì ya wọlé gbìì! Mo yọ subwoofer kan, béèsì pọ̀ sí i. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, súìṣì phase ti wà ní 180. Ọwọ́ mi ló gbá a nígbà tí mo ń sún un.

Ọ̀nà àyẹ̀wò tó yá jù nìyẹn, kò sì gba máíkì: ẹ pa ọ̀kan. Bí béèsì bá pọ̀ sí i lórí àga yín, wọ́n ń bá ara wọn jà.

## Ìgbésẹ̀ 6: EQ

Ní báyìí, ẹ máa kà wọ́n sí ẹyọ kan. Bí AVR yín bá ní ètò ìtúnṣe yàrá Audyssey MultEQ XT32 pẹ̀lú Sub EQ HT, á wọn iye àti àsìkò subwoofer kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á sì fi EQ tún àwọn méjèèjì ṣe pọ̀. Dirac Live Bass Control, ètò mìíràn bíi tirẹ̀, ń lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún ń mú wọn bá àwọn sípíkà yòókù mu. Ẹni tó ní miniDSP, tó sì ní sùúrù, lè kó ìwọ̀n REW láti gbogbo àga sínú Multi-Sub Optimizer. Ọ̀fẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ á wá delay, gain àti EQ tó máa sún gbogbo àga mọ́ra. Ó ṣòro kọ́, mi ò ní parọ́. Ó tó ìgbà mẹ́ta kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ohunkóhun tí ẹ bá lò:

- Ẹ gé òkè, ẹ má kún kòtò. 3 dB tí ẹ bá fi kún un ń béèrè ìlọ́po agbára méjì, 10 dB ń béèrè ìlọ́po mẹ́wàá. Kòtò tí ìgbì pa ara rẹ̀ sí á gbé agbára náà mì, kò ní yó.
- Tí AVR bá parí ìwọ̀n, ẹ wo ìwọ̀n subwoofer. Nínú ti Denon àti Marantz, bí ẹ bá rí −12 dB, ó ti dé òpin ìsàlẹ̀. Ẹ dín gain gbogbo subwoofer kù ní iye kan náà, kí ẹ tún un ṣe.
- Ẹ wò ó bóyá AVR ti dá sípíkà yín padà sí Large. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.
- Bí AVR bá kọ mítà 5 fún subwoofer tí téèpù sọ pé ó wà ní mítà 3, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ inú subwoofer ń dá ohùn dúró díẹ̀, AVR sì ti ṣírò ìdádúró yẹn mọ́ ọn.

Bí béèsì bá fẹ́lẹ́ létí yín lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ gbé subwoofer sókè ní 3 dé 6 dB. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kàn gbé gbogbo wọn pọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ibi tí subwoofer àti sípíkà ti ń pàdé

Ẹ lu sweep sípíkà àárín pẹ̀lú àwọn subwoofer, kí ẹ wo 60 sí 100 Hz. Bí kòtò bá wà nítòsí 80 Hz, ẹ yí distance gbogbo subwoofer pọ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́ẹ̀kan, títí á fi dí. Bí ẹ bá yí ọ̀kan nìkan, ẹ ti tú ìgbésẹ̀ 5 ká. Ẹ tún lè dán crossover 90 tàbí 100 Hz wò. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó.

## Bí ẹ ò bá ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí

Kò sí máíkì. Ẹ jókòó sórí àga yín, kí ẹnì kan wà lẹ́yìn subwoofer kejì. Ẹ lu ìró àyẹ̀wò 40, 50, 63 àti 80 Hz lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni yẹn máa yí phase. Ẹ yan ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dún jù. Kò pé bíi ti máíkì, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa méfò lọ.

Kò sí àyè lẹ́yìn. Ẹ gbé ọ̀kan síwájú, kí ẹ fi èkejì sẹ́yìn sófà gan-an, kí ohùn rẹ̀ kéré, kí delay rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ ó máa fi ara mọ béèsì láìjẹ́ pé ó pariwo.

Wáyà ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ aláìníwáyà wà, àmọ́ ó ń dá ohùn dúró. Ẹ so ó kí ẹ tó ṣe ìgbésẹ̀ 5, kí ẹ lè wọn ìdádúró rẹ̀ pọ̀.

Aládùúgbò wà nísàlẹ̀. Rọ́bà tàbí fóòmù abẹ́ subwoofer á dín gbígbọ̀n ilẹ̀ kù. Béèsì tó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, kò lè dá a dúró.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́

- Wọ́n yí phase subwoofer méjèèjì sí 180, wọ́n ní àwọn ti dán an wò. Láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ohun tó yí padà.
- Wọ́n gbé máíkì lé ìrọ̀rí àga. Ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta.
- Wọ́n sún àga lẹ́yìn ìwọ̀n, wọ́n wá ń bínú sí EQ.
- Wọ́n ń lu sweep alágbára láti 10 Hz sínú subwoofer oníhò. Nísàlẹ̀ iye Hz tí wọ́n ṣe ihò náà fún, afẹ́fẹ́ inú àpótí kì í di kóònù (awọ sípíkà tó ń mì) mú mọ́. Ó lè jù sókè sódò títí á fi ya.

## Kí ẹ tó jókòó wo fíìmù

Ẹ lu sweep tó lọ́ra láti 20 dé 100 Hz, kí ẹ máa rìn káàkiri yàrá. Àwòrán ara ògiri, gílásì kọ́bọ́ọ̀dù, ìdè ilẹ̀kùn, gbogbo wọn máa sọ̀rọ̀. Tèmi, ìdérí bátìrì rìmóòtù lórí tábìlì ló ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní 52 Hz, mo sì ti rò pé subwoofer ti ya. Ẹ lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ èyí tó bá ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya àwòrán ẹ̀yìn subwoofer kọ̀ọ̀kan, kí bọ́tìnnì àti súìṣì hàn dáadáa, kí ẹ sì ya ojú mẹ́nù AVR níbi tí distance àti level wà. Ẹ tọ́jú fáìlì REW náà pa mọ́ sínú fódà kan náà. Ẹnì kan á gbá yàrá yẹn lọ́jọ́ kan.